Ìrẹsì Kérésìmesì Kò Lè Dípò Owó Oṣù: Àṣìṣe Tó Ń Lé Òṣìṣẹ́ Dáadáa Lọ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ láti Lagere ní Ifẹ̀ títí dé agbègbè ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà máa ń pín ìrẹsì àti òróró fún òṣìṣẹ́. Ó dára. Àmọ́ bí owó oṣù Kẹwàá kò bá tíì wọlé nígbà tí ẹ ń pín in, òṣìṣẹ́ mọ̀ dájú pé owó òun lẹ fi ra ìrẹsì fún òun. Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù nìyí: ká ka ìtọ́jú òṣìṣẹ́ sí ẹ̀bùn tí ọ̀gá ń ṣe nígbà tó bá wù ú, nígbà tó jẹ́ pé ara ìnáwó iṣẹ́ ló wà, tó yẹ kó jókòó nínú ìṣirò pẹ̀lú owó dísẹ́ẹ̀lì àti owó iná.

Iṣẹ́ ń gba nǹkan lára ènìyàn: agbára, oorun, ìfọ̀kànbalẹ̀, àkókò tí ì bá lò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìṣàkóso òṣìṣẹ́ tó lè tọ́jọ́ ni pé kí ilé iṣẹ́ máa dá ohun tó gbà padà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí lè ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i, pẹ̀lú ara líle, kí iṣẹ́ sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn nǹkan tó ń ba èyí jẹ́ jù la kọ síbí, àti ohun tí ẹ lè ṣe dípò wọn.

Ẹ má sọ wákàtí méjìlá di iṣẹ́ ojoojúmọ́

Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Iṣẹ́ ń pani o. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìṣirò kan jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu pé kí àrùn ọkàn pa á fi ìdá 17 jù.

Ẹ wo ilé búrẹ́dì tó ń ṣiṣẹ́ òru. Búrẹ́dì gbọ́dọ̀ ti tutù, kó ti wọ ọ̀rá, kó sì ti wà nínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ìyá tó ń tà á lè rí i gbà. Ká ní ènìyàn mẹ́rin ló ń ṣe é, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, òru mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 72 nìyẹn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí, nígbà tí oorun ń wọ ènìyàn lójú jù, ni ẹni tó dúró ti ààrò á gbàgbé páànù sínú iná, ìgbà yẹn náà ni ọwọ́ ẹni tó ń ti ìyẹ̀fun pípò sínú ẹ̀rọ á sún mọ́ irin jù. Ọ̀gá á yọ owó búrẹ́dì tó jóná lára owó oṣù, á ní ọmọ náà kò fọkàn sí iṣẹ́. Ta ló lè fọkàn sí iṣẹ́ ní wákàtí kẹwàá lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná?

Ènìyàn mẹ́rin ní wákàtí méjìlá jẹ́ wákàtí iṣẹ́ 48 lóru kan. Ènìyàn mẹ́fà ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, 48 náà ni. Kí mẹ́ta wọlé laago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n parí laago méjì òru, kí mẹ́ta yòókù wọlé laago mẹ́wàá alẹ́ kí wọ́n parí laago mẹ́fà àárọ̀. Báyìí, láti aago mẹ́wàá sí méjì, nígbà tí gígé, wíwọ̀n àti kíkó sí ààrò pọ̀ jù, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà níbẹ̀. Wákàtí ẹnì kọ̀ọ̀kan á di 48 lọ́sẹ̀. Ẹ má lé àwọn tó parí laago méjì sójú títì o. Ẹ wá yàrá kan tó ní ibùsùn, fáànù àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí wọ́n sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Owó oṣù ènìyàn méjì ló kún ìnáwó yín lóòótọ́, ẹ má sì dín owó àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ kù láti fi san án. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó búrẹ́dì tó ń jóná, owó ilé ìwòsàn, àti ọ̀sẹ̀ mélòó tí ẹni tuntun máa ń fi kọ́ ìwà ààrò yín nígbàkígbà tí ẹnì kan bá já iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà béèrè kéré sí èyí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ lé e: ó kéré tán wákàtí kan ìsinmi fún ẹni tó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, odindi wákàtí 24 láìṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje, àti ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ìsinmi tí a san owó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjìlá. Òfin yẹn kò gba ọ̀gá láyè láti fún òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lówó dípò ìsinmi ọdún. Bí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun ta ìsinmi òun, owó oṣù rẹ̀ ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò.

Owó oṣù tí kò ní ọjọ́

Ẹ yan ọjọ́ kan kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gbé ní Ọ̀ṣun láàárín 2015 sí 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ààbọ̀ owó oṣù, kò nílò kí a ṣàlàyé gbèsè lọ́wọ́ olóúnjẹ, ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé ìwé, àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kíkéré owó ń dunni, àmọ́ àìmọ ọjọ́ tó máa wọlé ló ń gba oorun lójú ènìyàn. Ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ 28 ni owó òun ń wọlé lè bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ó lè dá èésú, ó lè ra oògùn ìyá rẹ̀ láwìn kó sì pa àdéhùn mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Owó ilé ìwé ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, sáà kan sì jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nítorí náà olùdásílẹ̀ á ṣètò owó tíṣà fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ọlidé gígùn bá dé, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́, wọ́n á ní kí tíṣà lọ sinmi láìgba kọ́bọ̀. Ìṣirò tó tọ́ ni pé kí owó sáà kọ̀ọ̀kan san oṣù mẹ́rin. Bí tíṣà mẹ́wàá bá ń gba ₦70,000, ₦700,000 ni lóṣù, ₦2,800,000 sì ni lẹ́ẹ̀kan sáà. Iye yìí ni kó kọ́kọ́ wọ àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ẹ tó ronú nípa ọ̀dà tàbí bọ́ọ̀sì tuntun. Bí owó kò bá tó bẹ́ẹ̀, owó ilé ìwé ló kéré jù tàbí kíláàsì ló pọ̀ ju ọmọ lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ẹ má ṣe yá owó lọ́wọ́ tíṣà tí kò mọ̀ pé òun ń yá yín.

Lórí iye owó: láti oṣù Keje 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ti di ₦70,000 ní Nàìjíríà. Òfin yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń sá sẹ́yìn èyí. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni òṣìṣẹ́ yín ń ra gaàrí.

Yíyọ owó tó dín

Ní ilé epo, ilé ìtajà àti hòtẹ́ẹ̀lì, bí owó ọjọ́ kò bá pé, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ló ń san án. Nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù, òmíràn á mú ₦30,000 lọ sílé. Kò pẹ́ tí olóòótọ́ á fi kẹ́kọ̀ọ́ láti máa jí díẹ̀díẹ̀, kó lè rí owó tí wọ́n máa yọ san.

Òfin Òṣìṣẹ́ kò fàyè gba kí ọ̀gá kàn máa yọ owó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù náà tàbí kó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, kí aláṣẹ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ṣáájú. Gbogbo ohun tí a bá yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà. Nínú ₦75,000, ₦25,000 ni òpin.

Ọ̀pọ̀ owó tó ń dín yìí, ètò ló fà á, kì í ṣe olè. Bí ènìyàn méjì bá ń lo dúrọ́ọ̀ kan, kò sí ẹni tí ẹ lè mú. Ní ilé epo, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń wọlé gbọ́dọ̀ jọ ka mítà ẹnu pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àpò owó tirẹ̀. Kí wọ́n fi àwọn owó tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ wé ohun tó wọ báńkì gan-an kí ẹni náà tó lọ, nítorí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbàgbé jù ni ọjọ́ tí iye owó epo bá lọ sókè ní ọ̀sán: bí ẹ kò bá ka mítà ní ìṣẹ́jú tí ẹ yí i, iye tuntun lẹ máa fi ṣírò epo tí ó ti tà ní iye àtijọ́, owó á sì dín lórí ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú náírà kan.

Yíyọ owó ìfẹ̀yìntì láìfi í ránṣẹ́

Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lábẹ́ Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014: òṣìṣẹ́ san ìdá 8, agbanisíṣẹ́ san ìdá 10. Lórí ₦100,000, ₦8,000 àti ₦10,000 nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá san owó oṣù ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ, pẹ̀lú owó ìtanràn bí ó bá pẹ́. Ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tún wà fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Èyí kò gbọ́dọ̀ jáde lápò òṣìṣẹ́ rárá. Bí ẹnì kan bá farapa, ẹ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ méje.

Pípe àárẹ̀ ní ọ̀lẹ

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá sílẹ̀ sínú ìwé tó to àwọn àìsàn àti ọ̀ràn ìlera. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní láti inú wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò mójú tó ló ti ń wá. Àmì rẹ̀ mẹ́ta ni: agbára á tán pátápátá lára ènìyàn, iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á sú u, ìṣe rẹ̀ á sì máa já sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti ń fi sùúrù bá aláìsàn sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ wọn. Ọ̀gá á kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, tàbí kó pe ẹnì kan wá bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ìwúrí. Iṣẹ́ tó dá a lágara ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wò. Bí ẹni tó ń tètè dé bá ti ń pẹ́, tí ọjọ́ àìsàn rẹ̀ ń pọ̀, tí àṣìṣe rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, ẹ pè é ní òun nìkan. Ẹ béèrè iṣẹ́ wo ló ń gba agbára rẹ̀ jù, èwo ni kì í ṣe tirẹ̀ tó ń ṣe, àti aago mélòó ló ń dé ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú iṣẹ́ kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó máa gbà á. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta máa ń yani lẹ́nu. Láti ìgbà tí owó epo ti lọ sókè ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹni tó ń gbé Iléṣà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ lè máa dúró de kórópe tí owó rẹ̀ kò wọ́n, kí ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó wọ ilé. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó wọlé ní agogo méje kí ó sì lọ ní mẹ́ta, kò ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ má sì bú òṣìṣẹ́ lójú oníbàárà. Bó ti wù kó kéré tó lọ́jọ́ orí, ó lè jẹ́ bàbá tàbí ìyá ẹnì kan nílé.

Aboyún

Wọ́n á rí ikùn, wọ́n á wá ẹ̀sùn. Òfin fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí ìdajì owó rẹ̀ ní àkókò náà, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró nígbà tó wà nílé. Nígbà tó bá padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni láti fún ọmọ lọ́mú. Láti oṣù kẹfà oyún ni kí ẹ ti mú ẹni tó máa dúró fún un wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbígbà láìsí ìwé, lílé láìsí owó

Òfin Òṣìṣẹ́ yìí, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló bò. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti mánìjà, ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn ni wọ́n ń dì mú, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi tó. Fún àwọn tí òfin bò, ìwé náà kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ tó máa ṣe, wákàtí, owó àti ọjọ́ tó ń wọlé, ìsinmi, iye ọjọ́ tí ìfitónilétí máa gbà.

Ìfitónilétí yìí jẹ́ ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí di ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìlú wa kò tóbi: ẹni tí ẹ lé láìsan owó rẹ̀ lónìí, àwọn tí ẹ fẹ́ gbà lọ́la ti gbọ́ kí ẹ tó lẹ ìwé ìpolongo mọ́ ògiri. Bí ìyapa bá ti dé, ẹ ṣírò owó ọjọ́ tó ti ṣiṣẹ́ àti ìsinmi tí kò tíì lò, kí ẹ sì san án kí àkókò ìfitónilétí tó parí. Ẹ kọ lẹ́tà tó sọ ọdún tó lò àti iṣẹ́ tó ṣe, kí ẹ fún un lọ́jọ́ náà gan-an tó bá ń dá kọ́kọ́rọ́ padà.