Bí mo ṣe fa wáyà tuntun sí píkọ́ọ̀pù 504 àtijọ́ ní Òṣogbo

Ìdí wáyà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 náà. Òun ni wọ́n fi ń kó iṣu wọ ọjà Ìgbọ̀nà kí ó tó di ohun tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Báálẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà pé kí n tún un ṣe, àwọ̀ tí a máa kùn ún ni gbogbo ilé kọ́kọ́ ń bèèrè. Mo bẹ̀ wọ́n kí á fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. Ọkọ̀ tí a bá kùn kí á tó tú wáyà rẹ̀, a máa padà wá ha ọ̀dà yẹn ni, a sì máa padà wá lu ihò sára páànù tó ti ń dán.

Iṣẹ́ náà wù mí nítorí pé ọkọ̀ yìí ṣeé kà. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1979. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Kaduna ti ń to 504 ní Nàìjíríà, ìyẹn ni kò fi ṣòro láti rí àgbà mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú tiwa. Bátìrì, ọ́tánétọ̀ tó ń dá iná padà sínú bátìrì, kíkíṣítátà, kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì, iná, wáípà, họ́ọ̀nù, ó parí. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó sì ní mítà tí a fi ń wọn iná lọ́wọ́, lè tọ wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àmọ́ ohun tí mo bá lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe wáyà Peugeot mọ́. Ó wọ́ jọ bí irun tí kò rí òòyà rí. Gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kàn án ló fi tirẹ̀ kún un: bí iná kan kò bá tàn, wọ́n á fa wáyà míì láti bátìrì lọ bá a, wọ́n á sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Wáyà ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bàbà kan ṣoṣo gbọọrọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo wáyà ilé nínú ọkọ̀. Inú ògiri ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí kò ti ní mira. Ọkọ̀ ń gbọ̀n nígbà gbogbo, bàbà kan ṣoṣo yẹn á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn títí á fi ṣẹ́ nínú rọ́bà rẹ̀, ojú kò sì ní rí ibi tó ti ṣẹ́. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ púpọ̀ ló wà nínú wáyà ọkọ̀, òun ló jẹ́ kí ó rọ̀ lọ́wọ́.

Bàbá rẹ́wáyà kan tí mo lọ bẹ̀ ní ìtòsí Old Garage pé kí wọ́n wá bá mi wò ó kò kọ́kọ́ fẹ́ kí n gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, kí o fi èyí tó dáa sílẹ̀." Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, n kò mọ èyí tó dáa nínú wọn." Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka tọ wáyà pupa kan tó wọ inú téèpù, tó sì jáde lódì kejì ní àwọ̀ ewé. Ni wọ́n bá ní kí n gbé púláyà wá.

Kí á tó gé ohunkóhun, mo ti ya àwòrán. Mo kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ọkọ̀ náà sórí páálí, mo kọ wáàtì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì fi 12, ìyẹn fóòtì bátìrì, pín in. Gílóòbù iná iwájú jẹ́ wáàtì 60 fún iná gíga, 55 fún iná ilẹ̀. Tí a bá fi 12 pín 60, ámpíà 5 ni. Gílóòbù méjì, ámpíà 10. Iná bíréèkì jẹ́ wáàtì 21 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjèèjì kò pé ámpíà 4. Tí tírafíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣẹ́jú pọ̀, 7 ni. Inú ìṣirò yìí ni mo ti mú ìwọ̀n wáyà, ìwọ̀n wáyà ni mo sì fi yan fíúsì, nítorí pé wáyà ni fíúsì ń gbà là, kì í ṣe gílóòbù. Fíúsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti òde òní ni mo lò, ó rọrùn láti rà, àwọ̀ rẹ̀ sì ń sọ nọ́ńbà rẹ̀: pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20.

Nínú ọkọ̀ yìí, iná iwájú ń gba inú súwíìsì tó wà lábẹ́ sítíárì kọjá kí ó tó dé gílóòbù. Ámpíà 10 láti inú súwíìsì kékeré tó ti gbó! Ìyẹn ló ń yọ́ ọ, òun náà ló ń mú kí iná ṣókùnkùn. Ẹ wo bí ó ṣe burú tó: tí fóòtì kan péré bá sọnù lójú ọ̀nà, tí 11 dé ibi tó yẹ kí 12 dé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Rílè, ìyẹn súwíìsì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá, ni mo fi yanjú rẹ̀, ọ̀kan fún iná gíga, ọ̀kan fún iná ilẹ̀. Wáyà 2.5 mìlímítà láti bátìrì, ó gba inú fíúsì, ó wọ ẹsẹ̀ 30 rílè. Láti ẹsẹ̀ 87, ó lọ sí gílóòbù tààrà. Wáyà súwíìsì àtijọ́ wá wọ ẹsẹ̀ 86, ẹsẹ̀ 85 sì lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ara irin ọkọ̀ tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Súwíìsì yẹn kàn ń jí rílè ni báyìí, ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò tó ìdajì ámpíà.

Ibi tí ọkàn mi wà jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ẹ́ẹ̀tì, torí pé òun ni àwọn èèyàn máa ń fojú tín-ínrín jù. Ṣáájú kí á tó tú ọkọ̀ náà, tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí lọ́ra bí ẹni pé bátìrì ti kú, bẹ́ẹ̀ bátìrì tuntun ni. Mo fọwọ́ kan okùn ṣóòkì, ó ti gbóná. Okùn irin tó kàn ń fa etí kábúrétọ̀ lásán! Ohun tó fà á nìyí. Iná tó jáde láti pọ́sítífù gbọ́dọ̀ padà sí nẹ́gẹ́tífù. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Okùn bàbà pẹlẹbẹ tó yẹ kí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáṣì ti já, kò sẹ́ni tó dá a padà. Kíkíṣítátà ń fa ju ámpíà 100 lọ, gbogbo iná yẹn sì ń wá ibi tí yóò gbà padà sílé. Okùn ṣóòkì ló rí.

Mo fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, mo fi èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, mo ní kí àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́. Ó ka ju fóòtì 2 lọ, níbi tí kò ti yẹ kí ó fi bẹ́ẹ̀ kọjá 0.2. A so okùn bàbà tuntun tó nípọn láti ẹ́ńjìnnì sí ṣáṣì, a so òmíràn láti ṣáṣì sí bọ́ọ̀dì. Níbi tí okùn kọ̀ọ̀kan ti fara kan irin, mo ha ọ̀dà àti ìpatà kúrò títí irin fi ń dán, mo fi wáṣà eléyín sí i, mo dè é pinpin, kí n tó wá fi gíríìsì bo ojú rẹ̀. Fún àwọn iná ẹ̀yìn, n kò gbẹ́kẹ̀ lé páànù ọkọ̀ rárá; mo fa wáyà ẹ́ẹ̀tì tiwọn padà wá sí iwájú. Ẹ ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé bí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì, tírafíkétọ̀ rẹ̀ náà á máa tàn fírífírí? Ẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Iná bíréèkì ò rí ọ̀nà padà, ó wá gba inú gílóòbù ẹnìkejì rẹ̀ kọjá.

Àwọn ohun tí a kò rí rà, a ṣe wọ́n. Áńsíìdì ti jẹ ibi tí bátìrì ń jókòó sí dànù. Mo fi páálí gé àpẹẹrẹ rẹ̀, mo gbé e sínú ọkọ̀ wò, lẹ́yìn náà ni oníwẹ́dà wá gé páànù tó nípọn tó mìlímítà 2, ó tẹ etí rẹ̀ sókè, mo sì ní kí ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ kí omi má dúró níbẹ̀. Kí ó tó tan iná, mo tú orí bátìrì méjèèjì, mo sì yọ wáyà ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀, torí iná wẹ́dà lè jó ohun tó wà nínú ọ́tánétọ̀. Ibi tí páànù bọ́ọ̀dì ti fẹ́lẹ́, n kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀tìrọ́ọ̀dù kàn án, ńṣe ni ìyẹn ń dá ihò sí i lára. Pánẹ́bítà ló fi iná gáàsì jó o díẹ̀díẹ̀, níhìn-ín lọ́hùn-ún, kí páànù má baà ká.

Ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló dùn mọ́ mi jù. Ihò rẹ̀ ti fẹ̀, ilẹ̀kùn ń jó gan-an bí ọkọ̀ bá ń lọ. Ní Òṣogbo, a ní àwọn tó mọ lẹ́ètì dáadáa. Ìlú yìí náà ni ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools wà, ọ̀gá tí mo bá lọ sì sọ fún mi pé ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ píìnì tuntun láti ara irin, wọ́n sì gbẹ́ búṣì bàbà tí píìnì yóò máa yí nínú rẹ̀. Bàbà rọ̀ ju irin lọ, nítorí náà búṣì ni yóò máa jẹ, píìnì yóò wà bí ó ṣe wà. Lọ́jọ́ iwájú, búṣì kékeré nìkan ni a máa pààrọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, títí píìnì fi ń wọlé pẹ̀lú ìtẹ̀ àtàǹpàkò lásán.

Nígbà tí a tan ẹ́ńjìnnì, mítà ka fóòtì 14.2 lórí bátìrì, bí ọ́tánétọ̀ ṣe yẹ kí ó máa dá a padà nìyẹn. Mo pa gbogbo nǹkan, mo fi mítà sí àárín bátìrì àti okùn rẹ̀ láti wò ó bóyá ohun kan ń fa iná jẹ ní kọ̀rọ̀. Kò sí. Mo tún àwòrán wáyà náà yà, mo kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan sí i, mo fi ọ̀rá bò ó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù fún rẹ́wáyà tó bá máa ṣí i lọ́jọ́ iwájú.

Ìtọ́sọ́nà iná iwájú ni a ṣe kẹ́yìn. A gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a kọjú rẹ̀ sí ògiri ní mítà 5, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó ṣe déédéé pẹ̀lú àárín gílóòbù. Etí òkè iná ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀ ìlà yẹn, kó má baà máa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró tì wá, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rántí pé ẹrù ni yóò máa wà lẹ́yìn rẹ̀?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ìdí píkọ́ọ̀pù bá lọ sílẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná á sì máa wo ojú èèyàn. A kó àpò iyanrìn sẹ́yìn rẹ̀ tó bí ẹrù iṣu tó wọ́pọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà gun orí ìlà ṣọ́ọ̀kì kọjá, a sì tún bóòtì iná méjèèjì yí wálẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yẹn lórí rẹ̀.