Bí A Ṣe Ń Yẹ Ojú-Òpó Lọ́yà Wò Kí A Tó Kọ Ọ̀rọ̀ Wa Sínú Rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá lọ́yà lóde òní, fóònù ló kọ́kọ́ ń gbé. Á kọ "lọ́yà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìbàdàn" sórí Google, á tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, á sì bá àpótí kan pàdé tó ní kó sọ ohun tó gbé e wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tú ẹrù ilé síta: orúkọ àwọn ọmọ, iye tó wà ní báńkì, ohun tí ọkọ sọ lálẹ́ àná. Ẹni tó máa ka ọ̀rọ̀ náà kò tíì di lọ́yà wọn o. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe lọ́yà rárá. Akọ̀wé ni, tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn tún ojú-òpó ṣe. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó máa mú kí lọ́yà pè yín padà ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ìyókù dúró di ìgbà tí ẹ bá jókòó níwájú rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ojú-òpó náà

Ẹ fà á lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ẹ rí àdírẹ́sì ọ́fíìsì tí èèyàn lè wọ mọ́tò dé, àti orúkọ lọ́yà kan ó kéré tán. Ní Nàìjíríà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ló lè ṣiṣẹ́ lọ́yà. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, NBA, tó wà nílùú yín lè bá yín wádìí rẹ̀. Ọ̀nà tàwọn tó wà ní England àti Wales yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni SRA, àjọ tó ń mójú tó àwọn lọ́yà níbẹ̀, ti pa á láṣẹ pé kí àwọn ọ́fíìsì lọ́yà tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi àmì rẹ̀ sí ojú-òpó wọn. Ẹ tẹ àmì náà. Bó bá jẹ́ àwòrán lásán tí kò gbé yín lọ síbì kankan, ẹ jáde.

Bí fóònù bá kọ "Not secure" sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ojú-òpó, ẹ má kọ ohunkóhun síbẹ̀. Bí kò bá sì kọ ọ́, ìyẹn ò sọ pé olóòótọ́ ló ni ín. Ó kàn jẹ́ pé ẹlòmíì kò ní rí ọ̀rọ̀ yín yọjú wò lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ olè ló ń lọ, ọwọ́ olè náà ló máa dé.

Ìbéèrè cookies

Cookies ni fáìlì kékeré tí ojú-òpó ń fi sínú fóònù yín kó lè dá yín mọ̀ bí ẹ bá padà wá. Àwọn kan wà tí ojú-òpó ò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, àwọn yẹn ò ní wàhálà. Èyí tó ń bá Google tàbí Facebook ṣọ́ ẹni tó wọlé ni kí ẹ kíyè sí. Ẹ jẹ́ ká ní ìyàwó ilé kan ń fi fóònù tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń lò ka ojú-ewé tó dá lórí ìkọ̀sílẹ̀. Bí Meta Pixel, ohun tí Facebook fi ń ṣọ́ ẹni tó wọ ojú-òpó, bá wà lójú-ewé náà, Facebook lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé fóònù yẹn débẹ̀. Ìpolówó lọ́yà ìkọ̀sílẹ̀ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíì, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ ló di fóònù mú.

Ẹ tẹ "Reject all" bó bá wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ "Accept" nìkan ni wọ́n gbé síwájú yín, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún nínú Chrome, ẹ yan "New Incognito tab", kí ẹ sì tún ojú-òpó náà ṣí níbẹ̀. Èyí ò ní jẹ́ kí ibi tí ẹ lọ hàn nínú fóònù lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á dé, àmọ́ kò fi yín pa mọ́ fún ojú-òpó fúnra rẹ̀, kò sì fi yín pa mọ́ fún ẹni tó ni íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ẹ má fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wá lọ́yà tó máa bá yín pe ọ̀gá ibi iṣẹ́ lẹ́jọ́.

Ojú-ewé tí kò sẹ́ni tó ń kà

Ìsàlẹ̀ náà ló máa ń wà, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́: "Privacy Policy". Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ní, ní abala 27, pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìsọfúnni lọ́wọ́ yín kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́, ohun tó fẹ́ fi ṣe, àwọn tó máa fi hàn, bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ rẹ̀ sun NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin náà.

Kò pọn dandan kí ẹ kà á tán. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ iye ọdún tí wọ́n máa fi pa ọ̀rọ̀ yín mọ́. Bó bá jẹ́ "títí dìgbà tó bá yẹ" ni wọ́n kọ, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ tún wá orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ojú-òpó náà ró, èyí tó ń bá wọn fi ímeèlì ránṣẹ́, èyí tó ni àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń yọ ní igun. Bí àwọn yẹn bá wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín náà á dé òkè òkun, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Èyí tí wọ́n dà kọ láti ojú-òpó ẹlòmíì kì í ṣòro mọ̀. Ọ́fíìsì wà ní Ìkẹjà, ojú-ewé ń sọ̀rọ̀ òfin California. Tàbí kó máa ṣèlérí pé àdírẹ́sì yín ni wọ́n máa fi gbé ọjà tí ẹ rà wá fún yín. Lọ́yà wo ló ń gbé ọjà? Lọ́yà tí kò ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, mi ò mọ bó ṣe máa ka tiyín.

Ohun tí ẹ máa kọ sínú fọ́ọ̀mù

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Abala 192 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gba lọ́yà láyè láti tú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà rẹ̀ bá bá a sọ lẹ́nu iṣẹ́, àyàfi bí oníbàárà náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ààbò ńlá ni. Àmọ́ oníbàárà ni òfin ń bá wí, ọ̀pọ̀ ojú-òpó ló sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́ọ̀mù pé ẹni tó bá fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ níbẹ̀ kò tíì di oníbàárà àwọn. Ẹni tí ẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́ gan-an lè ti jẹ́ oníbàárà wọn láti èṣí. Ìdí nìyí tí orúkọ ẹni tí ẹ jọ ní aáwọ̀ fi ṣe pàtàkì ju ìtàn aáwọ̀ náà lọ: òun ni lọ́yà máa fi mọ̀ bóyá òun lè gba iṣẹ́ náà.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè kọ irú èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé kan lọ́nà Mọ́níyà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìdílé báyìí-báyìí la jọ ń fà á. Ìwé ìpẹ̀jọ́ ti dé ọwọ́ wa, ọjọ́ tí kóòtù dá sì ti sún mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò C of O sí i, ẹ má fi ìwé tí sọ̀fíyọ̀ yà sí i, ẹ má kọ NIN. Lọ́yà tó ń wò ó bóyá òun lè gba ẹjọ́ ilẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi BVN yín ṣe. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ̀sìn àti ohun tó ń lọ nínú yàrá tọkọtaya wà lára ohun tí abala 30 òfin 2023 fi ààbò ọ̀tọ̀ sí. Kí wọ́n tilẹ̀ má dé inú fọ́ọ̀mù rárá ló sàn jù.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ wo àpótí kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn kan ti máa ń fi àmì sí ṣáájú pé ẹ gbà kí wọ́n máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ yọ àmì náà. Òfin kò ka dídákẹ́ sí gbígbà, kò sì ka àmì tí ẹlòmíì bá yín fi sí i sí tiyín.

WhatsApp ń kọ́? Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n fóònù ọ́fíìsì lè wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ fi dá ọjọ́ tí ẹ máa fojú kanra, kó mọ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn

Ó lè jẹ́ pé ẹ ò padà lo lọ́yà náà. Ímeèlì kúkúrú ti tó: "Mo kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù ojú-òpó yín lóṣù kẹta. Gẹ́gẹ́ bí abala 34 òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín nípa mi ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ àwọn tí ẹ ti fi hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á rẹ́." Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n má fi falẹ̀ láìnídìí. Oṣù kan ni tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fún wọn. Ẹni tó bá ti di oníbàárà kò lè retí pé wọ́n máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí lọ́yà lè ní ìdí lábẹ́ òfin láti tọ́jú fáìlì ẹjọ́. Ti ìròyìn tí wọ́n ń fi polówó ara wọn yàtọ̀: bí ẹ bá ti ní ẹ ò fẹ́ mọ́, kí wọ́n dáwọ́ dúró ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá já síta

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ní 2022, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà DPP Law, ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Merseyside. ICO, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé inú àkáǹtì kan tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, tí kò ní ìdènà kejì lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, ni wọ́n gbà wọlé. Fáìlì tó ju 32GB lọ ni wọ́n kó, wọ́n sì lọ pàtẹ rẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀daràn ti ń rí i. Ọjọ́ 43 kọjá kí ọ́fíìsì náà tó fi tó ICO létí, bẹ́ẹ̀ wákàtí 72 ni òfin fún wọn. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ICO ní kí wọ́n san £60,000.

Wákàtí 72 náà ni abala 40 òfin Nàìjíríà fún ọ́fíìsì láti sọ fún NDPC bí ìjásíta náà bá lè kó àwọn tọ́rọ̀ kàn sí ewu. Bí ewu náà bá pọ̀, kí wọ́n sọ fún ẹ̀yin náà ní èdè tó yé yín. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà ná, kí ẹ dá ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ èsì. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ti máa kó ẹ̀rí jọ: fọ́tò ojú fóònù tó fi ohun tí ẹ kọ hàn, nọ́ńbà àjèjì tó pè yín sọ ohun tí ẹ kò sọ níbòmíràn, àti ojú-ewé "Privacy Policy" bó ṣe wà lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n lè yí i padà mọ́júmọ́. Bí wọn ò bá dáhùn, abala 46 gbà yín láyè láti gbé e lọ bá NDPC. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn tí àjọ náà kà sí ńlá, mílíọ̀nù 10 náírà ló rọ́pò mílíọ̀nù 2 yẹn. Ìtanràn kì í bọ́ sápò yín o. Owó gbà-má-bínú ni ẹ máa fi abala 51 béèrè, kóòtù lẹ sì máa gbé ìyẹn lọ.