Gbígbẹ́ ihò sìlíńdà Vespa nílé, kó lè gun òkè Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, tó bá jẹ́ eré àsápajúdé lẹ fẹ́ máa sá, eléyìí kọ́ lẹ máa kà. Abẹ́òkúta la wà, òkè níwájú òkè lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó ti Ìbarà dé ìdí Olúmọ apá ti ń ro yín níbi tẹ́ ẹ ti ń yí jíà, ẹ́ńjìn tó máa fà láti ìsàlẹ̀ la nílò, kì í ṣe èyí tó máa kọ́kọ́ ké bí ewúrẹ́ kó tó gbéra. Vespa PX125 àti PX150 ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀kadà two-stroke míì (èyí tá a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀) lè mú ọgbọ́n níbẹ̀.

Sìlíńdà àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́, mo bà á jẹ́ ni. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé kí n ṣáà gbé orí ihò èéfín sókè, pé máṣíìnì á máa fò, mo bá gbé e sókè ní mílímítà mẹ́ta gbáko. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ibi tí pístìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, ń rìn nínú PX yìí ò ju 57 mm lọ, mílímítà kan péré tẹ́ ẹ bá gbẹ́ lórí ihò yẹn, ó tó bíi dígíríì mẹ́rin lẹ fi kún àsìkò tó fi ń ṣí sílẹ̀, èmi wá fi bíi méjìlá kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú ó ń fò lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí mo gbé àbúrò mi sẹ́yìn tá a dojú kọ òkè láti Ìtòkú, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àbúrò mi ní kí n jẹ́ kóun sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn, ó sì débẹ̀ ṣáájú mi. Irin téèyàn bá ti gbẹ́ kúrò, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa lẹ̀ ẹ́ padà.

Ìdí ẹ̀ nìyí. Two-stroke ò ní fáàfù lórí, pístìn fúnra ẹ̀ ni ilẹ̀kùn. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á kọ́kọ́ ṣí ihò èéfín, lẹ́yìn náà ló máa ṣí àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ tí epo tuntun ń gbà gòkè wá, àwọn tá a ń pè ní transfer. Tí ihò èéfín bá yá jù láti ṣí, agbára tó yẹ kó ti pístìn á gba inú sàléńsà sá lọ. Tó bá wá pẹ́ jù, èéfín àná á lọ dà pọ̀ mọ́ epo òní.

Kẹ́ ẹ tó mú fáìlì rárá, ẹ kọ́kọ́ tú sàléńsà wò. Mi ò lè ka iye èèyàn tó wá bá mi pé máṣíìnì àwọn ò fà mọ́, tó jẹ́ èédú ló dí sàléńsà pa. Ẹ tún wò ó bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́ ẹ̀bùrú: kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fín omi ọṣẹ sí ìdí sìlíńdà àti ìdí kábúrétọ̀, tí ohùn ẹ̀ bá yí padà níbì kan, gáskẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó wá ku wíwọ̀n. Protractor inú math set àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ fi ya róbótó 360 sórí páálí, kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ flywheel, àgbá tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìn, kẹ́ ẹ fi wáyà ṣe atọ́ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ yọ orí ẹ́ńjìn, ṣùgbọ́n ẹ fi páìpù kéékèèké àti nọ́ọ̀tì di sìlíńdà mọ́lẹ̀, torí tó bá ń gbéra irọ́ lẹ máa kà. Ẹ má fojú wá ibi tí pístìn ti dé òkè pátápátá o, ojú máa ń tanni. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó ní bóòtù láàrin dábùú sìlíńdà kó dá pístìn dúró díẹ̀ kó tó dókè, ẹ yí i síwájú títí á fi kọ́ ọ, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ yí i sẹ́yìn títí á tún fi kọ́ ọ, ẹ kọ ìyẹn náà, àárín méjèèjì ni òkè gan-an. Ẹ yọ irin yẹn, ẹ wá yí i lọ síbi tí ihò èéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ká ní ó ṣí ní dígíríì 100 lẹ́yìn òkè, ìlọ́po méjì ẹ̀ ni 200, ẹ yọ ọ́ nínú 360, ó ku 160, ìyẹn iye dígíríì tí ihò náà fi wà ní ṣíṣí. Tèmi báyìí, ihò èéfín wà ní 168, transfer wà ní 118, ó sì ń gbé mi gòkè pẹ̀lú èèyàn lẹ́yìn. Mi ò ní kọjá 170 fún ìlú yìí.

Ẹ yí bébà sínú sìlíńdà kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù ra á, gbogbo ihò á jáde sórí ẹ̀, ẹ tọ́jú bébà yẹn dáadáa.

Irinṣẹ́ ńkọ́? Dírílì kékeré tó ń gba onírúurú ojú, fáìlì róbótó, sándípépà. Mo ti gbìyànjú máṣíìnì àwọn tó ń ṣe èékánná rí, kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi kú, ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí. Ẹ wọ gíláàsì ojú, ẹ má sì gbé epo sítòsí ibi tí irin ti ń ta iná.

Ìdí sìlíńdà ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èrè pọ̀ sí jù tí ewu ò sì pọ̀. Ẹ gbé gáskẹ́ẹ̀tì lé ojú ẹ́ńjìn nísàlẹ̀, ẹ gbé e lé ìdí sìlíńdà náà, ẹ fi máákà yí ihò transfer ká, ẹ máa rí i pé wọn ò bára mu. Ẹ gbẹ́ wọn títí wọ́n á fi bára mu, pẹ̀lú àkísà tó dí kíráǹkì, irin tó ń yípo nísàlẹ̀ pístìn, pa. Tẹ́ ẹ bá wo ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, ẹ máa rí ojú irin kan tó ń dán tí kíráǹkì ń fara rọ́ kọjá, ìyẹn ló ń pa ihò epo dé lára Vespa yìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ojú fáìlì kan péré níbẹ̀, epo á máa ta padà sínú kábúrétọ̀, ó di ẹjọ́ oníwẹ́dà.

Ihò èéfín wá kù. Ẹ fẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kẹ́ ẹ máa gbé e sókè, sìlíńdà tó fẹ̀ tó 57 mm, ihò yẹn ò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bíi 37 mm, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ríìngì, òrùka irin tó yí pístìn ká, á ta síta á sì já. Lókè, mílímítà kan ti tó, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi sándípépà pa etí gbogbo ihò kó má mú bí abẹ, ẹ má yára níbẹ̀ o, mo mọ ẹni tó fo ibẹ̀, ríìngì ò lò tó ọjọ́ méjì. Ẹ fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀, ẹ tètè fi ọ́ìlì pa á kó má dípẹtà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé e padà, ẹ gbé lẹ́ẹ̀dì táwọn onírédíò fi ń jó wáyà sí etí pístìn lọ́tùn-ún lósì, kó wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú pín-ìn pístìn, ẹ di orí ẹ́ńjìn, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọn èyí tó tẹ̀, ìyẹn ni àlàfo tó wà láàrin pístìn àti orí ẹ́ńjìn. Tí 1.2 sí 1.5 mm bá kù, ó dáa. Kó má wọlẹ̀ sí 1 mm.

Kábúrétọ̀: jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá) tó tóbi ju tàtijọ́ lọ lẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa dín in. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ẹ fún un ní tọ́tìlì kún lọ́nà gbọọrọ, ẹ di kọ́lọ́ọ̀ṣì mú kẹ́ ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Tó bá funfun bí eérú, epo ò tó, pístìn á jó. Tó bá dúdú tó sì tutù, epo pọ̀ jù. Àwọ̀ ẹ̀pà yíyan là ń wá.

Ọ́ìlì two-stroke gidi ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bù tà. Síríńjì 20 ml ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ẹyọ kan sí lítà kan, ṣùgbọ́n fún kẹ́ẹ̀gì 5 lítà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí mo máa ń fi 150 ml sí i dípò 100, á máa rú èéfín, àwọn aládùúgbò á sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Títí kẹ́ẹ̀gì yẹn fi máa tán, ẹ má fún un ní tọ́tìlì kún. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá ṣe ti púlọ́ọ̀gì yẹn, kẹ́ ẹ tó gbé ẹni tó wúwo jù nílé yín sẹ́yìn kẹ́ ẹ lọ gun òkè ọ̀hún ní jíà kejì.