Ẹ má pààrọ̀ fáìlì tí ẹ ti gbé jáde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì tí ẹ ń kọ sọ́fúwíà. Bí ẹ bá ti gbé 1.2.tar.gz, ìyẹn fáìlì tí ẹ di kóòdù ẹ̀dà 1.2 sí, síta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn tó ń bá wa kó o sínú Arch, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ti kọ sha256 rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tó máa ń yí padà bí ohunkóhun nínú fáìlì bá yí padà. Mo tún lẹ́tà kan péré ṣe nínú README, fáìlì àlàyé, rí, mo dì í padà lórúkọ kan náà. sha256 kò bára mu mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi kóòdù náà kọ́ sọ́fúwíà náà lórí Arch mọ́. Ẹ̀dà tuntun, 1.2.1, ló yẹ kí n gbé jáde.

Ẹ má sì gbára lé fáìlì tí GitHub, ìkànnì tí a ń kó kóòdù sí, ń dì fúnra rẹ̀. Ní January 2023, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í yí padà, sha256 yàtọ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn dàrú kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ di tiyín, ẹ fi gpg, irinṣẹ́ ìfọwọ́sí, fọwọ́ sí i, kí ẹ wá gbé fáìlì náà àti ìfọwọ́sí rẹ̀ sí Releases, ojú ìwé tí a ń gbé ẹ̀dà jáde sí lórí GitHub.