Bí mo ṣe pa ariwo hùn-ún inú ẹ̀rọ orin mi

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí anpilifáyà mi ti ń kùn hùn-ún, kódà nígbà tí mi ò fi orin sí i. Mo yọ wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ki àwọn méjèèjì bọ̀, wáyà earth wọn (wáyà ààbò tó so ara irin ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀) sì ti di òbìrí pẹ̀lú wáyà orin; òbìrí yìí ló ń fa ariwo hùn-ún náà. Mo kó wọn sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó tán!

Ẹnìkan ti ní kí n gé ẹsẹ̀ earth púlọ́ọ̀gì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé! Bí iná bá kan ara irin ẹ̀rọ, wáyà earth ló ń jẹ́ kí fíùsì jó. Láìsí i, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà kọjá sílẹ̀.