Ohun tí ojú mi rí kí n tó mọ iye idà Japan mi

Owó idà gan-an kọ́ ló dùn mí, owó tó tẹ̀ lé e ni. Ilé gbàǹjo tí mo ti rà á níbí ní Lọ́ńdọ̀nù gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ èmi tí mo rà á, wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, síbẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ ni pé idà ológun Japan ni, àwọn kò yọ èkù rẹ̀. Kí wá ni iṣẹ́ wọn? Irin tó wọnú èkù, èyí tí wọ́n ń pè ní nakago, ni alágbẹ̀dẹ máa ń fín orúkọ rẹ̀ sí.

Èkù àti àkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn ọ̀gágun Japan gbé lọ sí Bọ́mà, níbi tí àwọn bàbá wa ti lọ bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ki idà àtijọ́ bọ inú àkọ̀ ológun, ìyẹn ló jẹ́ kí n nawọ́. Mo wọ̀n ọ́n, 63 sẹ̀ǹtímítà. Ó ju 60.6 lọ, katana ni. Mo gbé e síwájú gílóòbù, mo rí hamon, ìlà funfun bí ìkùukùu tó tò lọ létí ojú idà, mo sì rí bí wọ́n ṣe ṣẹ́ irin náà po léraléra. Idà ilé-iṣẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀.

Èkù ló wá kọ̀. Ìṣó oparun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mekugi ló dè é mọ́ nakago. Wọ́n á ní ẹ kàn tì í ni. Orí rẹ̀ kan tín-ín-rín ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tì í. Mo tì í, kò mira. Mo fi hámà kékeré kàn án, pàbó. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ni mo rí ohun tó ń dán yí i ká: gọ́ọ̀mù! Aláìmọ̀kan kan ti da gọ́ọ̀mù sí idà. Wọ́n ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Èmi tẹ èkù, mo bèèrè, èkù kò dáhùn.

Ẹnì kan ní kí n la igi èkù. Láéláé! Dírílì afọwọ́yí ni mo mú, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kéré ju mekugi lọ, mo ń lu àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ẹ̀rún. Síbẹ̀, nakago ti dógùn-ún mọ́ inú igi. Mo gbé igi lé tsuba, irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín èkù àti ojú idà, mo ń kan ọ̀tún, mo ń kan òsì, títí ó fi dún kó, tó sì yọ.

Ìpáàrà dúdú ló bò ó. Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ìpáàrà yẹn wà lára ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tó bá fi sáńdípépà ha á ti ha owó dànù. Mo ka orúkọ náà: Bishū Osafune Sukesada, ìyẹn Sukesada ará Osafune ní ìgbèríko Bizen (Bishū). Mo fò sókè! Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ló jẹ́ Sukesada ní Osafune, ní Okayama òde òní, nígbà ogun abẹ́lé ọ̀rúndún 16. Idà Sukesada tí kò bá ní orúkọ àdáni alágbẹ̀dẹ bíi Yosōzaemon, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rọ ní wàràwàrà fún ọmọ ogun lásán. Owó wọn jìnnà síra.

Mo wá hagire, ìlà sísán tó ń gba ojú idà kọjá tó sì ń pa owó rẹ̀, n kò rí i. Oníṣòwò kan wá ní orúkọ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì fẹ́ fi owó tín-ń-tín gbà á lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ìbínú yẹn ni mo fi rán an sí NBTHK ní Tokyo, ẹgbẹ́ tó ń yẹ idà Japan wò tó sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Kọ́sítọ́ọ̀mù, ìforúkọsílẹ̀, ìwé àṣẹ láti gbé e jáde padà, owó aṣojú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Wọ́n fún un ní ìwé Hozon, èyí tó kéré jù nínú ìpele mẹ́rin. Orúkọ náà jóòótọ́!

Lọ́jà, ó ju iye tí mo rà á lọ. Tí mo bá ka gbogbo ìnáwó, èrè kò sí. Tí ilé gbàǹjo kò bá fi fọ́tò nakago hàn yín, ẹ ná an bí idà tí kò lórúkọ. Tó bá sì jẹ́ Sukesada lásán lẹ ń wá, ẹ ra èyí tó ti ní ìwé. Èlé orí rẹ̀ kò lè tó owó tí mo fi gbé tèmi lọ sí Tokyo tí mo sì fi gbé e bọ̀.