Bí káńsù ṣe bá mi san dìpọ́sítì ilé ní Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́dún 2024, onílé wa kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ ta ilé, kí á kó jáde lẹ́yìn oṣù méjì. Section 21 ni, lẹ́tà tí onílé ní England lè fún ayálégbé láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 ló fòpin sí i, àmọ́ nígbà tiwa ó ṣì lágbára. Mi ò jẹ gbèsè owó ilé. Owó tí a ó fi wọ ilé mìíràn ni kò sí. Ilé oníyàrá méjì tí owó rẹ̀ jẹ́ £1,400 lóṣù, dìpọ́sítì rẹ̀ á tó £1,615, torí owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni òfin gba onílé láyè láti gbà. Owó oṣù àkọ́kọ́ tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, ń tì í lẹ́yìn, ọmọ méjì sì wà lọ́rùn mi. Níbo ni mo ti fẹ́ rí £3,000 lẹ́ẹ̀kan náà?

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n tètè kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, kí onílé má baà dójú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba irú ìmọ̀ràn yẹn. Lẹ́tà onílé nìkan kò lé èèyàn jáde. Kóòtù ló ń pàṣẹ, akọ̀dà kóòtù ló sì ń wá lé èèyàn. Bí ẹ bá kó jáde fúnra yín láìtíì tó àkókò, káńsù lè ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ ara yín di aláìnílé. Òfin Homelessness Reduction Act ti 2017 sọ pé bí ó bá ti ku ọjọ́ 56 tàbí kó dín kí ilé bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́, káńsù gbọ́dọ̀ bá a wá bí kò ṣe ní bọ́. Bí a ṣe wọ inú ọjọ́ 56 yẹn ni mo kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé.

Wọ́n gba ìwé àdéhùn ilé, lẹ́tà onílé, ìwé owó oṣù, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti kóòdù tó fi hàn pé mo ní ìwé ìgbélùú tó gbà mí láyè láti gba ìrànwọ́. Ìyẹn ò le. Ìwé báńkì oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ wà. Obìnrin tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ fi bírò yí £150 kan tó ń jáde lóṣooṣù ká, ó ní ṣé gbèsè ni. Mo ní àjọ ni: àwa mẹ́wàá la jọ ń dá a, ẹnì kan ń kó o lóṣù, ó sì di June ọdún tó ń bọ̀ kó tó kàn mí. Kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó rò pé mo ní owó tí mo fi pamọ́ síbì kan ni. Mo bẹ ìyá alájọ wa, wọ́n kọ orúkọ gbogbo wa àti oṣù tí kálukú máa kó owó sórí ìwé, wọ́n buwọ́ lù ú, mo sì fi ránṣẹ́. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn náà, mo sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń fi rà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò bá mi jà. Ẹ má fi irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n bá fúnra wọn rí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ètò kan fún mi: èmi ni mo máa wá ilé, àwọn á gbé dìpọ́sítì àti owó oṣù àkọ́kọ́ kalẹ̀, bí agbára mi bá ká owó ilé náà. Ká sọ òótọ́, wíwá ilé yìí ló sú mi jù. Àwọn èjẹ́ǹtì kan pa fóònù bí mo ṣe dárúkọ káńsù. Ìgbà tí mo bẹ obìnrin yẹn kó kọ lẹ́tà pé owó wà nílẹ̀, tí mò ń fi han àwọn onílé kí n tó wí nǹkan kan, ni ọ̀kan gbà.

Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ má sì buwọ́ lu ìwé, kí káńsù tó fọwọ́ sí i. Wọ́n gba ìwé àyẹ̀wò gáàsì àti iná, wọ́n sì wádìí bóyá ẹni náà ló ni ilé lóòótọ́. Ìwé gáàsì ti kọjá àkókò. Ìyẹn dá wa dúró títí onílé fi ṣe tuntun. Ọ̀dọ̀ onílé ni wọ́n san owó náà sí tààrà, kò gba ọwọ́ mi kọjá. Discretionary Housing Payment ni wọ́n ń pè é nígbà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó. Káńsù mìíràn lè yá yín, tàbí kó fún onílé ní ìwé ìdúró dípò owó, ìyẹn ìwé pé káńsù á san án bí ayálégbé bá ba nǹkan jẹ́ tàbí jẹ gbèsè. Ẹ béèrè èwo ni tiyín, àti ẹni tó máa gba dìpọ́sítì padà lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde. Onílé sì gbọ́dọ̀ fi dìpọ́sítì náà sábẹ́ ààbò ilé-iṣẹ́ tí òfin fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30 tó gbà á. Mo béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, mo sì gbà á.

Ẹni tí físà rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba kò lè gba ọ̀nà yìí, àfi ìmọ̀ràn lásán. Àmọ́ bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé, Section 17 ti Children Act 1989 lè jẹ́ kí ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọmọdé ní káńsù ràn yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ẹ tó lọ bá wọn.